Àríyànjiyàn lórí ikú pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ dókítà ní Nàìjíríà

Ikú pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ dókítà ni ikú tí ó wáyé nígbà tí aláìsàn tí àìsàn rẹ̀ ti kọjá ìwòsàn, tí làákàyè rẹ̀ sì pé, fúnra rẹ̀ bẹ dókítà pé kí ó fún òun ní oògùn tí yóò fòpin sí ẹ̀mí òun, tí dókítà náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti fọwọ́ sí i lábẹ́ òfin. Ní Nàìjíríà, ọ̀daràn ni òfin ka dókítà tí ó bá ṣe é sí, ó sì lè gba ẹ̀wọ̀n gbére.

Àríyànjiyàn tí ó wà lórí rẹ̀ ní Nàìjíríà kò fi bẹ́ẹ̀ jọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Kánádà. Lọ́hùn-ún, ohun tí wọ́n ń bèèrè ni bóyá ó yẹ kí òfin gba aláìsàn láyè láti yan ìgbà tí yóò kú. Níhìn-ín, àwọn ìbéèrè mìíràn wà tí ó ṣáájú ìyẹn. Ǹjẹ́ aláìsàn náà rí oògùn tí yóò mú ìrora rẹ̀ rọlẹ̀? Ṣé wọ́n tilẹ̀ sọ fún un pé àìsàn tí ń ṣe é kò ní í lọ? Ta ni ó ń fọwọ́ sí ìwé lórúkọ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn? Òfin Nàìjíríà ti dáhùn apá kan: ní ọdún 2001, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé àgbàlagbà tí làákàyè rẹ̀ pé lè kọ ìtọ́jú, bí kíkọ̀ náà bá tilẹ̀ yọrí sí ikú. Àlàfo tí ó wà láàárín ẹ̀tọ́ láti kọ ìtọ́jú àti ẹ̀tọ́ láti gba ìrànlọ́wọ́ láti kú ni àríyànjiyàn náà dá lé.

Orúkọ àti ìtumọ̀

Èdè Yorùbá kò tíì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo ènìyàn fi ẹnu kò sí fún un. «Ìpara-ẹni» ni a ń pe ohun tí ènìyàn ṣe sí ara rẹ̀, «ìpànìyàn» sì ni ohun tí a ṣe sí ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀-ìṣe «pa» ni ó wà nínú méjèèjì, nítorí náà orúkọ náà ti dá ẹjọ́ kí àríyànjiyàn tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ «ikú àánú» tàbí «ikú ìrọ̀rùn», ṣùgbọ́n ìyẹn náà ń ṣègbè fún apá kejì. Bí a bá sì gbàdúrà fún àgbàlagbà pé kí ó fọwọ́ rọrí kú, ikú tí ó wá fúnra rẹ̀ ní ìgbà tirẹ̀ ni a ní lọ́kàn, kì í ṣe èyí tí a fi oògùn pè.

Ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀, nítorí òfin kò fi ojú kan náà wò wọ́n. Èkíní ni kí dókítà kọ oògùn ikú, kí aláìsàn sì gbé e mì fúnra rẹ̀. Èkejì ni kí dókítà fúnra rẹ̀ gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tí yóò pa á. Ẹ̀kẹta ni kí aláìsàn kọ ìtọ́jú, kí àìsàn sì pa á. Ẹ̀kẹrin ni kí dókítà fún aláìsàn ní oògùn apàrora tí ó lágbára nítorí ìrora, bí ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kí oògùn náà dín ọjọ́ díẹ̀ kù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Níbi tí àwọn ènìyàn ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, èkejì àti ẹ̀kẹta ni wọ́n máa ń dà pọ̀ jùlọ.

Ohun tí òfin sọ

Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù Nàìjíríà jogún láti ìgbà ìjọba amúnisìn kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Abala 326 sọ pé ẹni tí ó bá mú ẹlòmíràn pa ara rẹ̀, tí ó gbà á nímọ̀ràn títí ó fi ṣe é, tàbí tí ó ràn án lọ́wọ́ láti ṣe é, yóò gba ẹ̀wọ̀n gbére. Òfin náà kò ya dókítà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó ra okùn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé dókítà ni ó gún abẹ́rẹ́ náà, abala 326 kọ́ ni yóò bá a wí mọ́. Ẹ̀sùn ìpànìyàn ni, èyí tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú. Pé aláìsàn bẹ̀ ẹ́ kò ní í gbà á sílẹ̀, nítorí abala 299 ti sọ pé ìfọwọ́sí ẹni tí a pa kò mú ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹni tí ó pa á.

Abala 311 ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ òfin àti ti ìṣègùn kà dáadáa. Ó sọ pé ẹni tí ó bá ṣe ohun kan, tàbí tí ó fi ohun kan sílẹ̀ láìṣe, tí ìyẹn sì mú kí ikú ẹni tí àìsàn mìíràn ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ yá kánkán, a ó kà á sí pé òun ni ó pa á. Nítorí náà, àwáwí pé aláìsàn náà «máa kú tẹ́lẹ̀» kò níye lórí ní kóòtù. Ìwé Òfin Ìjìyà tí àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá ń lò náà ka ìrànlọ́wọ́ fún ìpara-ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀. Òfin ìwà ìṣègùn tí Ìgbìmọ̀ Àwọn Dókítà àti Oníṣègùn Eyín ti Nàìjíríà ń tẹ̀ lé sì lòdì sí kí dókítà fòpin sí ẹ̀mí aláìsàn, ìbáà jẹ́ aláìsàn ni ó bẹ̀ ẹ́.

Ẹni tí ó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ tí kò kú náà kò bọ́: abala 327 fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ìpínlẹ̀ Èkó ti yí èyí padà nínú òfin rẹ̀ ti ọdún 2011, tí ó ní kí kóòtù rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyípadà yẹn kò kan ẹni tí ó ṣe ìrànlọ́wọ́.

Ẹjọ́ Okonkwo

Ẹjọ́ tí ó ṣe pàtàkì jùlọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà kò ní oògùn ikú nínú rárá. Ẹ̀jẹ̀ ni ó dá a sílẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 1991, wọ́n gba obìnrin ẹni ọdún 29 kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ sí ilé ìwòsàn kan. Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni. Àwọn dókítà ibẹ̀ sọ pé ó nílò kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ó kọ̀ nítorí ẹ̀sìn rẹ̀, wọ́n sì ní kí ó máa lọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ, ọkọ rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, níbi tí Dókítà Okonkwo ti gbà á. Wọ́n fún dókítà náà ní ìwé tí obìnrin náà fọwọ́ sí, tí ó sọ pé òun kò fẹ́ ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ ipòkípò, àti pé kò sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn ẹni tí ó bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ òun. Okonkwo tọ́jú rẹ̀ láìlo ẹ̀jẹ̀. Obìnrin náà kú ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ.

Ìgbìmọ̀ Ìbáwí àwọn dókítà pè é lẹ́jọ́ pé ìwà tí ó hù kò yẹ oníṣègùn: ó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni ó lè gba obìnrin náà là, ó sì dá a dúró sọ́dọ̀ ara rẹ̀ láìfún un. Wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n sì ní kí ó má ṣe iṣẹ́ ìṣègùn fún oṣù mẹ́fà. Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà. Ìgbìmọ̀ Ìbáwí gbé e dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, níbi tí wọ́n ti pàdánù ní oṣù Kẹta ọdún 2001.

Adájọ́ Emmanuel Ayọ̀ọlá ni ó ka ìdájọ́ tí ó léwájú. Ẹ̀tọ́ méjì nínú Òfin Orílẹ̀-èdè ni ó gbé e lé, èyíinì ni ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara ẹni àti ẹ̀tọ́ sí òmìnira ìrònú, ẹ̀rí-ọkàn àti ẹ̀sìn. Gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́ náà, ara aláìsàn kì í ṣe ti dókítà. Bí àgbàlagbà tí làákàyè rẹ̀ pé bá kọ ìtọ́jú kan, dókítà lè gbà á nímọ̀ràn, ó sì lè jọ̀wọ́ rẹ̀ fún dókítà mìíràn, ṣùgbọ́n kò lè fi ipá tọ́jú rẹ̀. Ó fi ààlà sí i pẹ̀lú: bí kíkọ̀ náà bá fi ẹ̀mí tàbí ìlera àwọn ẹlòmíràn sínú ewu, bí àrùn tí ń ràn, ìjọba lè dá sí i.

Ìdájọ́ yìí yanjú ohun kan tí abala 311 fi sílẹ̀ ní kókó. Ẹni tí ojúṣe wà lọ́rùn rẹ̀ nìkan ni a lè bá wí fún ohun tí kò ṣe. Nígbà tí aláìsàn bá ti kọ ìtọ́jú, ojúṣe dókítà láti fún un ní ìtọ́jú yẹn ti kúrò lọ́rùn rẹ̀. Àwọn kan máa ń tọ́ka sí ẹjọ́ Okonkwo bí ẹni pé ó ti ṣílẹ̀kùn fún ikú pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ dókítà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà kò bèèrè ikú. Ó fẹ́ kí ara òun yá, ṣùgbọ́n kì í ṣe nípa ẹ̀jẹ̀. Ohun tí kóòtù fún un ni ẹ̀tọ́ láti sọ pé «ẹ má ṣe», kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti sọ pé «ẹ bá mi ṣe».

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà: ó ní kí òṣìṣẹ́ ìlera ṣàlàyé fún aláìsàn pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìtọ́jú, kí ó sì sọ ewu tí ó wà níbẹ̀ fún un. Ní ọdún 2019, nínú ẹjọ́ Esabunor àti Faweya, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ẹ̀tọ́ yìí kò kan ọmọdé. Òbí lè kọ ẹ̀jẹ̀ fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè kọ̀ ọ́ fún ọmọ tí kò tíì lè sọ tirẹ̀.

Ta ni ó ń sọ̀rọ̀ fún aláìsàn?

Gbogbo òfin tí ó fọwọ́ sí ikú pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ dókítà ní òkè òkun dúró lórí ìgbàgbọ́ kan: pé aláìsàn mọ ohun tí ń ṣe é, àti pé òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ̀rọ̀. Ìgbàgbọ́ yìí ni ó ṣòro jùlọ láti gbé wá sí ilẹ̀ Yorùbá.

A lè wo Ìgbẹmọ-Èkìtì, ìlú tí a mọ̀ mọ́ ìrẹsì rẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dún/Ìfẹ́lódùn. Bí jẹjẹrẹ bá mú àgbàlagbà kan níbẹ̀, ó di dandan kí wọ́n gbé e kúrò nílùú, bóyá lọ sí Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó-Èkìtì tàbí Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Àwọn tí ó gbé e lọ, tí wọ́n san owó ọkọ̀, owó káàdì àti owó àyẹ̀wò, ni àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Àwọn ni dókítà máa ń pè sí ẹ̀gbẹ́ kan láti sọ àbájáde àyẹ̀wò fún. Ọ̀rọ̀ tí ó sì máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni, «Ẹ jọ̀wọ́ dókítà, ẹ má jẹ́ kí màmá gbọ́.» Ìfẹ́ ni ó mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù wà níbẹ̀ pé ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ jẹjẹrẹ yóò tètè sọ̀rètí nù. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò sọ fún pé ikú ń bọ̀ kò lè yan bí òun yóò ṣe kú, bẹ́ẹ̀ ni kò lè kọ ìtọ́jú lọ́nà tí ẹjọ́ Okonkwo là sílẹ̀.

Nígbà tí owó bá tán, ẹbí náà ni ó máa ń fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ń gbé aláìsàn lọ sílé, láìka ìmọ̀ràn dókítà sí. Ìwé yẹn ń gba ilé ìwòsàn sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀bi. Lójú òfin, a kà á sí kíkọ ìtọ́jú. Ní tòótọ́, ó ṣòro láti sọ ìgbà tí ó jẹ́ ìfẹ́ aláìsàn, ìgbà tí ó jẹ́ ti ẹbí, àti ìgbà tí ó jẹ́ pé àpò ni ó sọ̀rọ̀. Àwọn tí ó tako yíyí òfin padà máa ń dúró lórí kókó yìí gan-an: bí a kò bá lè mọ ẹni tí ó pinnu nígbà tí a gbé aláìsàn relé, báwo ni a ó ṣe mọ̀ ọ́n nígbà tí a bá bèèrè oògùn ikú? Àwọn tí ó fẹ́ ìyípadà dáhùn pé òfin tí ó bá béèrè ẹlẹ́rìí, dókítà méjì àti ọ̀rọ̀ tí aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ yóò dáàbò bo aláìsàn ju ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ó wà nísinsìnyí lọ.

Ìrora, mọ́fíìnì àti owó

Ìdí tí ó lágbára jùlọ lọ́wọ́ àwọn tí ó ń bèèrè fún ìyípadà òfin ni ìrora. Jẹjẹrẹ tí ó ti wọ egungun lè mú kí ènìyàn ké tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìrora yìí ni a lè mú rọlẹ̀ láìpa aláìsàn, bí oògùn bá wà. Ìtọ́jú tí ó ń ṣe èyí, tí kò lépa láti wo àìsàn náà sàn bí kò ṣe láti fún aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ní ìtura, ni a lè pè ní ìtọ́jú ìtura. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ènìyàn tí ó tó mílíọ̀nù 56.8 ni ó ń nílò rẹ̀ lọ́dọọdún káàkiri ayé, àti pé nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó ń rí i.

Mọ́fíìnì olómi ni oògùn tí ó ṣe kókó jùlọ nínú rẹ̀. Ìyẹ̀fun ni wọ́n ń pò mọ́ omi, tí aláìsàn yóò sì máa mu ún nílé. Kò wọ́n púpọ̀ láti ṣe. Ohun tí ó ń dí i lọ́wọ́ ni pé oògùn tí a ń ṣọ́ lójú méjèèjì ni, ìjọba ni ó ń ṣàkóso kíkó o wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan sì ń bẹ̀rù pé yóò di bárakú fún aláìsàn. Ìbẹ̀rù yẹn le sí i láti ọdún 2018, nígbà tí ìjọba fòfin de omi oògùn ikọ́ tí ó ní kodéìnì nínú nítorí ìlòkulò. Ẹni tí ó ti ń kú lọ kò ní àsìkò tí bárakú yóò fi bà á jẹ́, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kò yà á sọ́tọ̀.

Ìbàdàn ni iṣẹ́ yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jùlọ ní ilẹ̀ Yorùbá, ní Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìbàdàn tí a mọ̀ sí UCH, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò, onímọ̀ nípa oògùn akunnilóorun, ti wà lára àwọn tí ó dá ìtọ́jú ìtura sílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ṣe ìlànà orílẹ̀-èdè fún ìtọ́jú náà ní ọdún 2021. Láti Ìgbẹmọ, Ìbàdàn jìnnà, pàápàá fún ẹni tí kò lè jókòó nínú ọkọ̀.

Níhìn-ín ni owó ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Púpọ̀ nínú owó ìtọ́jú ní Nàìjíríà ni ó ń ti inú àpò aláìsàn àti ẹbí jáde ní tààrà. Bí òfin bá sọ ikú di ohun tí a lè bèèrè fún, nígbà tí oògùn ìrora ṣì ṣọ̀wọ́n, ikú lè di èyí tí ó pọ̀níyè jùlọ nínú gbogbo ohun tí ilé ìwòsàn ń tà. Àtakò yìí kò nílò ẹ̀sìn kankan láti gbé e dúró, òun sì ni ó wúwo jùlọ nínú gbogbo wọn.

Àṣà àti ẹ̀sìn

Apá méjèèjì ni ó ń lo òwe «ikú yá ju ẹ̀sín». Ẹ̀sín tí òwe náà ń sọ ni ìtìjú ní gbangba, kì í ṣe ìrora ara. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin tí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ̀ ni wọ́n máa ń ní kí ó ṣí igbá wò, tí kò sì ní í lè ṣe ju kí ó kú lọ. Lẹ́yìn ikú Aláàfin Ládìgbòlù Kìíní ní ọdún 1944, ìjọba amúnisìn dá sí ọ̀rọ̀ olókùn-ẹṣin tí àṣà ní kí ó bá ọba lọ. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni Dúró Ládiípọ̀ àti Wọlé Ṣóyínká fi kọ eré. Àwọn ikú wọ̀nyí jẹ́ ojúṣe tí ìlú gbé karí ènìyàn. Kò sí aláìsàn níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bèèrè ohun tí ó wù ú. Ẹni tí ó bá sì ti ọwọ́ ara rẹ̀ kú láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, a kì í sin ín bí òkú àgbà, ẹbí rẹ̀ sì ní láti ṣe ètùtù.

Òwe tí ó bá ọ̀rọ̀ náà mu jù ni «àìsàn là á wò, a kì í wo ikú». Ó gbà pé iṣẹ́ oníṣègùn ní òpin, ó sì dá dókítà tí ó bá ṣíwọ́ ìtọ́jú tí kò wúlò mọ́ láre. Kò sọ pé kí ó pe ọlọ́jọ́ wá.

Nínú Kristẹni àti Mùsùlùmí, tí ó pọ̀ jùlọ ní Èkìtì, ẹ̀kọ́ gbogbogbòò ni pé Ọlọ́run ni ó ni ẹ̀mí. Ìjọ Kátólíìkì fi ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ní kíkún nínú ìkéde ọdún 1980: kò fọwọ́ sí pípa aláìsàn, ṣùgbọ́n ó gbà pé kò di dandan láti lo gbogbo ẹ̀rọ tí ó wà láti fa ẹ̀mí gùn. Ní ọdún 1957, Póòpù Pius Kejìlá ti sọ fún àwọn dókítà pé a lè fún aláìsàn ní oògùn ìrora, bí oògùn náà bá tilẹ̀ lè dín ẹ̀mí rẹ̀ kù, tí èrò-ọkàn kì í bá ṣe láti pa á.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn

Orílẹ̀-èdè Netherlands àti Belgium fọwọ́ sí i ní ọdún 2002, Kánádà ní ọdún 2016. Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà ti ń lo òfin tirẹ̀ láti ọdún 1997. Ní Áfíríkà, Gúúsù Áfíríkà ni ó súnmọ́ ọn jùlọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, kóòtù kan ní Pretoria gbà kí dókítà ran agbẹjọ́rò kan tí jẹjẹrẹ ń ṣe lọ́wọ́ láti kú. Ọkùnrin náà ti kú ní wákàtí díẹ̀ kí àṣẹ náà tó jáde. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tí ó ga jùlọ níbẹ̀ fagi lé e.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà ti kan àwọn ọmọ Nàìjíríà jùlọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, àwọn aṣòfin dìbò 330 sí 275 fún àbá òfin Kim Leadbeater. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 2025, ìbò náà di 314 sí 291, wọ́n sì gbé e lọ sí Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù. Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ Conservative, dìbò tako o. Florence Eshalomi, aṣòfin ẹgbẹ́ Labour tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, tako o pẹ̀lú. Ó sọ nípa ìyá rẹ̀ tí àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde ń ṣe àti ìrora tí ó jẹ ẹ́, ó sì ní ìtọ́jú ìtura tí ó dọ́gba fún gbogbo ènìyàn ni ó yẹ kí ó ṣáájú.

Àbá náà kan ẹni tí ó ti ń gbé ní England tàbí Wales fún oṣù 12 ó kéré tán, tí dókítà sì ti sọ pé kò ní í ju oṣù mẹ́fà lọ. Kò kan òbí tí ó wá kí ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún ìgbà díẹ̀. Bí irú òbí bẹ́ẹ̀ bá sì padà sí Adó-Èkìtì, dókítà tí ó bá fún un ní oògùn náà níbẹ̀, àti ọmọ tí ó bá gbà á nímọ̀ràn títí ó fi lò ó, abala 326 ṣì wà nílẹ̀ fún àwọn méjèèjì.